Àmín Orí Fóònù

Ní ilé ìtẹ̀wé kan, baba kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baba Bírò-Pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ka ohun gbogbo kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́, kí ó fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ àṣìṣe. Láti ìsàlẹ̀ ni baba yìí ti máa ń kàwé lọ sókè. Ó ní ìsàlẹ̀ ni àwọn òpùrọ́ máa ń fi òótọ́ pamọ́ sí.

Àwọn tó ń fi fóònù kàwé ń rí i lára gidigidi. Bó bá ti rí wọn, á yínmú.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Baba, wọ́n máa ti afárá ńlá pa lónìí o. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí mi."

Baba gba fóònù, ó fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti kọ èyí. Ẹ̀yin wọ̀nyí ò kàwé, ẹ kàn ń fi ojú lá a bí ewúrẹ́ ṣe ń lá iyọ̀ ni. Ẹ wá sọ ara yín di ọ̀mọ̀wé."

"Ẹ má bínú, sà."

Baba pòṣé. Ibi tó ti ń pòṣé lọ́wọ́ ni fóònù tirẹ̀ ti dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ní á-bí-dí. Àràárọ̀ ni màmá yìí máa ń fi àdúrà ránṣẹ́. Baba rí ilà àkọ́kọ́, "Àbúrò mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Kò ṣí i. Ó tẹ "Àmín, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì padà sídìí èébú rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. "Ẹ káàárọ̀, sà. Mọ́mì ní kí n bi yín pé, kí lẹ ṣe Àmín sí?"

Baba ṣí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé. Àdúrà ti tán ní ilà kejì. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: "Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi lọ́jọ́ Fúráìdé. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí n má ríran mọ́. Jọ̀ọ́, wá kí n rí ojú ẹ kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Àmín Baba wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an.

Baba sáré dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dárí jì mí. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀ ni."

"Àmín," ni màmá náà wí, ó sì kọjú sí ògiri.