Inú Ẹ̀wù Tó Wà Níta

"Kí ni orúkọ ohun tó ń ṣe mí?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló béèrè bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, a ń jẹun lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ gbé ife tí kò sí omi nínú rẹ̀ sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ pa sítóòfù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iná rẹ̀ ti kú tipẹ́. Èmi tẹjú mọ́ abọ́ mi bí ẹni pé ìdáhùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Adájọ́ ni a ń pe ọmọbìnrin náà nílé. Bí o bá ní ò ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, á lọ dúró sídìí aago dè ọ́. Nígbà tí kò rí ẹni dá a lóhùn, ó ní òun ò ní lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè àfi bí ẹnì kan bá sọ ọ́ fún òun. A sì mọ̀ pé kì í halẹ̀ lásán.

Ẹ̀wù ilé ìwé ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Ojú rírán inú aṣọ máa ń ha á lára bí èékánná, nítorí náà ó máa ń yí inú ẹ̀wù síta kó tó wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá sọ ọ́ ní Sódì. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Lójú tirẹ̀, kò sí wàhálà tí abẹ́rẹ́ ò lè yanjú. Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ tẹ́ inú ẹ̀wù náà, ó gbàgbé pé ńṣe lòun ń fi ojú rírán kún ojú rírán. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ dé ọrùn, ó bọ́ ọ, ó sì ká a pa dà bó ṣe wà.

Dókítà ti sọ orúkọ nǹkan náà fún ìyá àti bàbá rẹ̀ láti ìgbà òjò: ọ́tísíìmù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká má dárúkọ rẹ̀ níwájú ọmọ, pé orúkọ a máa ro ọmọ. Mo rò ó síhìn-ín, mo rò ó sọ́hùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní bí a ò bá sọ orúkọ yẹn fún ọmọ, Sódì náà ni yóò kù tí yóò máa jẹ́. Ó ń gé aṣọ lọ, kò wojú mi. Ó ní, "Tó bá sunkún, ìwọ lo máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún o."

Adájọ́ wà lábẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń to bọ́tìnnì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sọ orúkọ náà fún un. Mo ní etí rẹ̀ ń gbọ́ ariwo, ara rẹ̀ sì ń mọ ìfọwọ́kàn, ju ti ẹlòmíràn lọ, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Mo tọ́ka sí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó wà nílẹ̀: ọ̀kan ń rán gbọọrọ, èkejì ń ká etí aṣọ. Mo ní èyí tó ń ká etí ò bàjẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ló yàtọ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn."

Mo gbà fún un.

"Ṣé ó máa lọ?"

"Kò ní lọ."

"Ṣé ó máa pa mí?"

"Rárá."

Ó to bọ́tìnnì kan sí i. "Ó dáa. Ta ló tún ń ṣe nílé yìí?"

Mo ní ó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé. Ó ní òun ò béèrè ti ayé, ti ilé yìí lòun béèrè.

Ọmọ náà jáde lábẹ́ tábìlì. Ó rìn yí ìyá rẹ̀ ká, ó sì fi ìka kan èjìká búláòsì rẹ̀, níbi tí ojú rírán ti yọ síta tòun ti fọ́nrán òwú.

"Màmá, inú ló wà níta."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i tó ń yí inú búláòsì síta wọ̀. Gbogbo wa gbà pé aṣọ iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó bi í rí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀ bóyá orúkọ kan náà ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó máa ń ha mí lára. Láti kékeré. Mo rò pé ó ń ha gbogbo èèyàn, pé wọ́n kàn ń fara dà á ni."

Adájọ́ rò ó wò. Ó lọ mú ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ìyá rẹ̀.

"Ẹ bá mi tú aṣọ tẹ́ ẹ fi tẹ́ inú rẹ̀ kúrò, kí n lè rí i wọ̀ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè."