Orin Yìnyín Linval

Mo fura sí Linval láti ọjọ́ tó gbé orin yẹn wá. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọrin ní àdúgbò Trench Town ní Kingston: Linval ló ń lé e, èmi àti Hopeton ń gbè é. Ó ní òun lòun kọ ọ́. Orin náà dùn, àmọ́ ọkùnrin inú rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Linval, níbo lo ti rí yìnyín ní Kingston?"

"Vinnette, ṣé dandan ni kí n rí i kí n tó fi kọrin?"

Hopeton ní, "Ti inú omi ṣúgà tí wọ́n ń tà lójú títì ló rí."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ orin sóòlù àwọn ará Amẹ́ríkà láti rédíò Màyámì, àwọn kan sì ti jí i kọ, tí wọ́n ní tàwọn ni. Ẹ̀gbọ́n Linval, Clancy, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko èso Amẹ́ríkà dé. Ó dá mi lójú pé àwo orin wà nínú àpótí rẹ̀.

Mo lọ sílé wọn, mo ní mo fẹ́ yá ìkòkò. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni mo gbọ́ ohùn ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ orin yẹn gan-an, tó ń fà á bí ẹni ń sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ wàyí. Mo ṣílẹ̀kùn wọlé.

Kò sí àwo, kò sí ẹ̀rọ. Linval ló dúró níwájú dígí, tó ń yí ohùn padà.

Clancy ń bó èso àkí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìnyín fún un," ló wí. "Díẹ̀ ló kù kí òtútù rẹ̀ gé mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá Clancy," ni mo wí.

Linval ò wojú mi. "Ta ló máa ra àwo tí wọ́n bá gbọ́ ohùn Trench Town nínú ẹ̀?"

Nígbà tí a dé ilé ìgbohùnsílẹ̀, ìlù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè ní rẹ́gè ni wọ́n lù sí i. Ohùn Amẹ́ríkà Linval ò lè bá a rìn. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ohùn tirẹ̀ jáde, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbi ijó kan tí wọ́n ti gbé àwo wa sí i, ọkùnrin kan bi wá pé, "Ará Amẹ́ríkà wo ló kọ orin yìnyín yìí?"

Linval kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mí pé kò sọ pé òun ni.

"Trench Town ló ti wá," ni mo wí. "Òun nìyí."

Ọkùnrin náà wo Linval, ó wò mí, ojú tí wọ́n fi ń wo òpùrọ́ ló fi wò mí, ó sì padà síbi ijó.