Ọwọ́ Ọ̀tún Ọ̀gá Ọkọ̀

Bí ife bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tí kámẹ́rà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ ọ̀tún náà ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ tòsí. Iṣẹ́ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olójú-Àṣá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì rò pé ó rọrùn, kó wá ṣe é wò. Eré apanilẹ́rìn-ín kan ni wọ́n ń yà, nípa ìdílé kan tó ń gbé inú ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, tí wọn kò sì yéé jà lórí ẹni tó máa fọ abọ́. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni Olójú-Àṣá ń jókòó sí. Á ya fọ́tò ife, á ya ti ìlẹ̀kùn, á ya ti irun àti bọ́tìnnì ẹ̀wù, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá ti parí yíyà kan, gbogbo ojú á yí sí i. Bó bá ní "Ó bára mu," iṣẹ́ tẹ̀ síwájú nìyẹn. Bó bá dákẹ́, kí oníkálukú padà sí àyè rẹ̀. Olùdarí eré fúnra rẹ̀ kì í ní ó ti tán kí obìnrin yìí tó lanu.

Òun àti òǹkọ̀wé eré náà kì í fẹ́ ara wọn kù. Kò sí ihò tó lè lu sínú ìtàn ọkùnrin yẹn tí kò ní fi ẹ̀rọ dí, ẹ̀rọ ńlá kan báyìí tó ní ó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Róbọ́ọ̀tì tí kò nímú sín nínú abala kan. Olójú-Àṣá bi í pé imú wo ló fi sín, ó ní ẹ̀rọ ló fà á. Bàbá àgbà bọ́ síta láàárín ìràwọ̀ láìwọ nǹkan kan lé ṣòkòtò, ó padà wọlé wá béèrè oúnjẹ. Ẹ̀rọ ló fà á.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ yín yìí ti sú mi o," ni obìnrin náà máa ń wí, òǹkọ̀wé á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ṣì sàn. Àwọn òǹwòran tó ń wá àṣìṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọn kò ní àánú. Wọ́n á dá àwòrán dúró, wọ́n á fa ìlà pupa yí ibi tó kù díẹ̀ káàtó ká, wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló ń ṣọ́ ilé yìí?" Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun kan ṣoṣo ni ìlà pupa náà ń yí ká. Ọwọ́ Ọ̀gá Ọkọ̀ ni.

Ọ̀gá Ọkọ̀ yìí, àbúrò Olójú-Àṣá ni, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló ń ṣe ìyá ilé tó tún ń wa ọkọ̀ nínú eré náà, ẹ̀fẹ̀ kan sì wà tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Bí wàhálà bá dé, á ju ife rẹ̀ sókè, á tẹ bọ́tìnnì pupa, á tún gbá ife náà mú láìwojú ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kan náà ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ṣe é nílé, wọ́n sì ń fọ́ ife ìyá wọn. Wàyí o, ife á wà ní ọ̀tún, kámẹ́rà á sún mọ́ tòsí, ife á ti dé òsì. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Olójú-Àṣá ti di òwìwí ọ̀sán. Èèyàn rẹpẹtẹ ló rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà wọ eegun. Ó ń kà á nídìí iṣẹ́, ó ń kà á nídìí oúnjẹ, bí ẹni ń fi ahọ́n tọ́ eyín tó ń dun ni.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bú?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń gbàgbé ni."

"Èèyàn a máa gbàgbé ọwọ́ tó fi ń jẹun?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, abala tí òkúta ńlá kan fẹ́ kọlu ọkọ̀ ni wọ́n ń yà. Wọ́n ti ya ti ọ̀ọ́kán tán, ife sì wà ní ọ̀tún gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tí kámẹ́rà sún mọ́ tòsí, Ọ̀gá Ọkọ̀ fi òsì gbé ife.

"Ọwọ́ ọ̀tún!" ni Olójú-Àṣá ké.

Wọ́n tún un yà. Òsì náà ni.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni mo wí! Ṣé èdè mìíràn ni mò ń sọ ni?"

Ọ̀gá Ọkọ̀ wá fi ọ̀tún gbé e. Ó jù ú sókè, ife sì já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀, ó fọ́ yángá. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, tirẹ̀ gan-an ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n mú ife mìíràn wá. Ìyẹn náà fọ́. Olùdarí wo ojú àwọn méjèèjì, ó ní kí gbogbo ilé lọ sinmi ná. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, à á fi èkejì fà á mọ́ra. Méjèèjì ni Olójú-Àṣá fi bá tirẹ̀ wí lọ́jọ́ yẹn, lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó bu omi, kò mu ún. Ó jókòó, ó tún dìde. Níkẹyìn ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń gé àwòrán pọ̀, ó ní òun á wá ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ṣe é dáadáa nínú àwọn abala àtijọ́, kí wọ́n lè yọ ọ́ wá bo àṣìṣe tuntun yìí mọ́lẹ̀. Ó ti ń wo àwòrán wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ife ló ń wò látẹ̀yìnwá. Ife ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo ọwọ́.

Nínú abala tí róbọ́ọ̀tì ti sín, ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ wà nínú àpò. Nínú abala tí bàbá àgbà bọ́ síta, ó wà lẹ́yìn àga. Lẹ́yìn ìyẹn, apá ẹ̀wù rẹ̀ gùn sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìka. Olójú-Àṣá rántí ìjà tó bá aránṣọ jà lórí apá ẹ̀wù yẹn, pé kò bára mu. Ó wá dé ibì kan tí gbogbo ìdílé inú ọkọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín yí tábìlì ká. Nísàlẹ̀ àwòrán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò, ọwọ́ òsì àbúrò rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, bí ìyá ṣe ń di ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mú. Ìka ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀rù ba Olójú-Àṣá, ojú sì tì í, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ó bá àbúrò rẹ̀ nínú yàrá ìmúra, níbi tó ti ń fi ọwọ́ kan bá bọ́tìnnì ẹ̀wù jìjàkadì. Ó kúnlẹ̀, ó bá a de bọ́tìnnì náà láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn.

"Láti ìgbà tí róbọ́ọ̀tì ti sín," ó wí.

Omi lé ròrò sójú àbúrò. "Ó máa ń gbọ̀n ni. Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní gbọ́ tèmi rárá. Màá ní kó di nǹkan mú, á kàn máa wò mí."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Nínú gbogbo ilé yìí, ojú ta ni mò ń sá fún bí kì í bá ṣe tiyín?"

Ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá ó ti rí dókítà.

"Bí mo bá lọ, wọ́n á fún un lórúkọ. Bó bá sì ti lórúkọ, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n á gbé ẹlòmíràn wọ ẹ̀wù yìí, òǹkọ̀wé á sì ní ẹ̀rọ ló fà á."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì lójijì. Wọ́n rín in, wọ́n rín in, ó sì yí padà di ẹkún lẹ́nu wọn.

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbà tó ráyè mí. "N ó bá ẹ bo tòní. Ìwọ náà, bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́la."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán. Má parọ́ níbẹ̀."

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Òkúta ńlá tún ń bọ̀, iná pupa ń ṣẹ́jú. Ọ̀gá Ọkọ̀ fi òsì gbé ife, ó fi òsì jù ú, ó fi òsì gbá a mú. Ó dùn ún wò. Olùdarí tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn níwájú rẹ̀, ó họ orí.

"Ṣé kì í ṣe ọ̀tún ló wà nínú ti ọ̀ọ́kán ni?"

Gbogbo ojú yí sí Olójú-Àṣá. Kò tíì sọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí, láti ọjọ́ tó ti dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ó ti ń rí ìlà pupa náà bó ṣe máa yí orúkọ òun ká.

"Ó bára mu," ó wí.

Òǹkọ̀wé yọ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, kò bára mu o."

"Ẹ̀rọ ló fà á," ni obìnrin náà dá a lóhùn. Lọ́jọ́ yẹn, òǹkọ̀wé kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n jókòó síwájú dókítà, obìnrin kan tí ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ju ife yẹn?" ni dókítà bi í.

"Èmi ni," ni àbúrò wí, ó sì fi ẹ̀rín tí gbogbo ayé mọ̀ sójú. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti mú bírò orí tábìlì, ó jù ú sókè, ó lu tábìlì pẹ́, ó gbá bírò náà mú láìwojú ẹ̀. Òsì ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Dókítà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò rí i pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí?" ni àbúrò wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń da ara wọn láàmú. Iṣẹ́ wọn ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sí Olójú-Àṣá, ó ń retí ohun tó máa sọ, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe nídìí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kí wọ́n sì máa lọ sílé.

"Ọwọ́ ọ̀tún," ó wí. Kò pariwo.

Àbúrò rẹ̀ wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó fa ọwọ́ náà yọ nínú àpò, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa gbọ̀n.