Ta Ló Ń Fi Yíǹkì Kun Ilẹ̀ Wa?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Ìyá Aláròyé fẹ́ràn jù láyé, ẹ má wulẹ̀ bi í. Ẹ ṣáà wọ bàtà wọ pálọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bá sọ sí yín lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà àti pákó ló ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un níbẹ̀ ni Má-wọ-bàtà-wọlé. Kò bínú sí i. Ilẹ̀ lámínéètì tó wà nílé rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò ó, pátákó kan lẹ́yìn òmíràn, láti ẹnu ọ̀nà dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí eékún àwọn méjèèjì fi wú. Ẹni tó bá rí i á rò pé ojúlówó igi ni. Kì í ṣe igi. Pátákó tí wọ́n fi àwòrán igi bò lójú ni, tí wọ́n wá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ létí rẹ̀ o.

Kò tíì pẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ kó wá bá wọn gbé nígbà tí yíǹkì kọ́kọ́ yọ lórí ilẹ̀ yìí. Màmá ti ṣe iṣẹ́ aránṣọ títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé tó ń dá gbé sì ti tóbi jù fún un. Yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Aláròyé ń gbálẹ̀, ó sì rí ìlà búlúù kan nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kò gùn ju ìka lọ, kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà Màmá.

Ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Aláròyé.

"Ìwọ lo kọ nǹkan sílẹ̀ níbí?"

"Èmi kọ́, Mọ́mì. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti ya ojú àti imú sí i."

"Mo bi ọ́ ní imú ni? Kúnlẹ̀ síbẹ̀, kó o gbé ọwọ́ sókè."

Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń ṣàlàyé lọ. Ìyá rẹ̀ lọ mú sípírítì àti òwú. Iṣẹ́ yìí ò ṣòro fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, àmọ́ wàdùwàdù ló ń bà á jẹ́. Èèyàn kì í da sípírítì sórí lámínéètì. Òwú lèèyàn máa rẹ sínú ẹ̀, kó fún un, kó wá máa fi tẹ yíǹkì náà láti etí wá sí àárín, kó má bàa tàn kálẹ̀. Tí òwú bá ti gba yíǹkì, kó jù ú nù, kó mú tuntun. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tútù, kí aṣọ gbígbẹ sì tètè tẹ̀ lé e, nítorí omi tó bá wọ àárín pátákó méjì, wíwú ló ń mú un wú, pátákó tó bá sì ti wú, ó parí. Ìyá Aláròyé ṣe gbogbo ẹ̀, ilẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kò gbàgbé.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ìlà méjì mìíràn tún yọ, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yà. Èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, máákà ni wọ́n fi fà á. Ìyá Aláròyé gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Ilẹ̀ yìí mọ́ nígbà tí òun nù ún, lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ sílé ìwé, kí òun tó jáde lọ ra nǹkan. Ọmọ ò tíì dé. Ọkọ òun ti jáde ṣáájú ọmọ. Ta ló wá kù? Ṣebí kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú lára.

Ẹni tó bá sì ti ń fura, kì í ṣàìrí nǹkan tí yóò fura sí. Ó rí i pé Màmá kì í fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ mọ́. Inú ìṣẹ́po ìró rẹ̀ ló máa ń kì í bọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá yọ. Ó rí i pé tí Màmá bá fẹ́ jáde ní yàrá, yóò kọ́kọ́ yọjú, yóò wo ilẹ̀ lọ, yóò wo ilẹ̀ bọ̀. Èyí tó wá dùn ún jù ni ti omi. Màmá ò mu omi mọ́. Tí wọ́n bá gbé omi fún un, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Tí wọ́n bá ní kó ṣáà mu díẹ̀, á fi kan ètè, á gbé e sílẹ̀. "Wọ́n rò pé mo fi nǹkan sí i," ni Ìyá Aláròyé ń sọ nínú ara rẹ̀. "Èmi tí mò ń fọ aṣọ wọn." Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n wádìí.

"Màmá, ẹ ò kúkú rí ẹni tó ń fi yíǹkì kun ilẹ̀ yìí?"

"Yíǹkì kẹ̀? Ta ló ń kọ̀wé nínú wa?" Màmá ò gbé ojú sókè. Nígbà tó yá ló wá ní, "Ìwọ náà ńkọ́, ìyàwó mi? Kí lo máa ń nù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ìgbà?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Wọ́n ba ilẹ̀ jẹ́ tán, wọ́n tún ń fi ẹni tó ń tún un ṣe ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Aláròyé fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lésì, àmọ́ ilé ire ló ti jáde, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ohun tó wá mú un kọjá ìfaradà ni ti férémù ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òrùka búlúù kan ló bá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi téèyàn ti ń di ilẹ̀kùn mú. Igi gidi nìyí, tí wọ́n fi pọ́líìṣì pa, sípírítì tó sì ń gbani lórí lámínéètì, ọ̀tá pọ́líìṣì ni. Ó fi ọṣẹ ìfọyín funfun sórí aṣọ múlọ́múlọ́, ó ń fi í ra á díẹ̀díẹ̀, bí ojú igi ṣe lọ, kì í ṣe ní ìbú. Apá rẹ̀ ro ó. Yíǹkì ti wọnú igi, òjìji rẹ̀ ò lọ. Ó di dandan kó fi sáńpépà tó kúnná họ ọ́, kó tó tún fi pọ́líìṣì pa á. Bó ṣe ń họ ọ́ ló ń dá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyàwó ilé máa sọ sí ìyá ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé oúnjẹ fún un, ọ̀rọ̀ ló sì fi ṣe ẹran rẹ̀.

"Bàbá Aláròyé, ìyá yín ń ba ilé mi jẹ́."

"Ìyá mi kẹ̀? Obìnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ rán aṣọ ìgbéyàwó funfun, tí ẹyọ kan ò lábàwọ́n rí?"

"Àwọn náà ni. Wọn ò fẹ́ mi nílé yìí, wọ́n ń wá ìjà tí mi ò bá wọn jà. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín."

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti sọ ọ́ láì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: òun ò ráyè, òun ò sì ní yàrá, ọjọ́ tí Màmá bá dé ọ̀dọ̀ òun, ilé àwọn arúgbó ni òun máa mú un lọ tààrà, níbi tí àjèjì yóò ti máa wẹ̀ fún un, tí yóò sì máa sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Màmá náà ti ní kàkà kí òun lọ síbẹ̀, kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Fi hàn mí," ló sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tí mo bá fi ojú ara mi rí i pé àwọn ni, màá pe ẹ̀gbọ́n mi."

Yàrá Màmá ò jìnnà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì tì dáadáa.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Ìyá Aláròyé gba àyè lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ọmọ àti bàbá rẹ̀ ti jáde láàárọ̀, ó kúnlẹ̀, ó nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan àwọn tóótòòtó búlúù kan tí kò tíì rí tẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ mọ́ débi téèyàn lè wo ojú nínú rẹ̀. Ó wá ké sókè pé, "Màmá, mò ń lọ síbi iṣẹ́ o," ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó tì í gbàgà, ó gba ẹ̀yìn wọlé tòun ti bàtà lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, níbi tó ti lè máa yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti ṣí fóònù rẹ̀ síbi tí wọ́n fi ń ya fídíò. Ká sòótọ́, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó pẹ́ kí Màmá tó jáde. Ó yọjú, ó wo ilẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, tìrora tìrora, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, bí ìgbà téèyàn ń wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Aláròyé wí nínú ọkàn rẹ̀, ó sì tẹ fóònù.

Ṣùgbọ́n Màmá ò fa nǹkan kan. Ó dìde. Ó lọ síbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ṣí ilẹ̀kùn kan: ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni. Ó tì í. Ó ṣí òmíràn: yàrá ọmọ ni. Ó tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó padà lọ ṣí ti ìgbálẹ̀, ó tún wo inú rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ti di ìró mú níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó dé iwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an, ó fi ọwọ́ pa férémù ilẹ̀kùn náà lókè nílẹ̀, ibi tí wọ́n ti họ, tí wọ́n ti pa ní pọ́líìṣì, kò rí ohun tó ń wá, ó sì kọjá lọ. Ó dé pálọ̀. Ó dúró láàárín ilẹ̀ dídán náà.

Ìtọ̀ ń sàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn lọ sáàárín àwọn pátákó. Màmá ń wò ó. Kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bẹ ẹnì kan: "Ta ló pa ọ̀nà mi rẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pa ọ̀nà mi rẹ́?"

Ìyá Aláròyé yọ fídíò náà kúrò nínú fóònù. Gbogbo ìlà tó ti nù wá ń tò lójú rẹ̀: ti ẹnu ọ̀nà Màmá, ti ibi tó ti yà, òrùka ara férémù. Kò sí ọ̀kan tó ṣìnà. Òun ló ti ń fi òwú àti sípírítì gba ọ̀nà lọ́wọ́ arúgbó, tó ń pè é ní ìmọ́tótó. Ojú tì í.

Nígbà tó jáde, Màmá rí i, ó sì fà sẹ́yìn.

"O ò lọ síbi iṣẹ́. O ń ṣọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mò ń ṣọ́ yín."

"Ìwọ lo pa á rẹ́."

"Èmi ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ."

Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó wẹ̀ fún un, ó wọ aṣọ gbígbẹ sí i lára. Ògiri ni Màmá kọjú sí tó fi ń sọ̀rọ̀.

"Ibi tí mo bá fẹ́ gé aṣọ gbà, mo máa ń fàlà sí i, kí ọwọ́ má bàa ṣì í. Mo ní kí n fàlà sílẹ̀ náà. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń rú mi lójú. Nígbà mìíràn, mo mọ ilé yìí bí ẹni mowó. Nígbà mìíràn, tí mo bá jáde ní yàrá, mi ò mọ ilé ta ni mo wà. Mo dín omi kù, kí n má bàa máa jáde." Ó wá yíjú sí i. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ jọ sọ. Má sọ fún ọmọ mi."

"Mi ò ní sọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, lọ́jọ́ tó bá wù yín, èmi náà á wà níbẹ̀. Ẹ fún mi ní máákà yẹn."

Màmá ò fún un. Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ìfura loògùn àgbà, Màmá ò sì tíì lo tirẹ̀ tán. Ó pẹ́ kó tó tú máákà náà jáde nínú ìṣẹ́po ìró. Ìyá Aláròyé nu pálọ̀ gbẹ, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, ó sì fa ìlà náà gbọọrọ, kò gbé ọwọ́ sókè, lórí ilẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ tò, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tún ya òrùka ńlá sójú ilẹ̀kùn. Màmá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń tọ́ka síbi tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ọmọ ló kọ́kọ́ dé. Ó rí ìlà, ó ní, "Mọ́mì, èmi kọ́ o," ó sì ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ fà á dìde, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní kó má bínú sóun. Ọmọ ní òun á rò ó wò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ wọlé. Ó rí ìlà náà, ó fi ojú tọ̀ ọ́ títí dé ibi tó ti yà. Ojú rẹ̀ rọ. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó dì í mú lọ́wọ́.

"Ṣé o ti wá rí ẹni tó ń ṣe é?"

Màmá wà lórí àga ní pálọ̀, ó di apá àga mú, iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ síta. Kò wo ọmọ rẹ̀. Ìyàwó ló ń wò.

"Mo ti rí i," ni Ìyá Aláròyé wí. "Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Èmi ni mo fà á. Bó ṣe wù mí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ nù ún."

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì. Ó tún ìbéèrè náà bi í lóríṣiríṣi ọ̀nà, èsì kan náà ló gbà. Níkẹyìn, ó ti fóònù padà sápò láìpe ẹnì kankan, ó ń mi orí. Nígbà náà ni Màmá tó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá àga.