Àkèré Tí Kò Lórúkọ

Ìyá Ṣọlá, má tíì dìde, jẹ́ n rọ́ àlá yìí fún ọ. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, níbi tá a ti ń ṣèwádìí ẹranko, gbogbo àkèré iwájú mi jọra, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ọ̀kan ò bá wọn tan rárá, irú rẹ̀ ò sì tíì lórúkọ. O mọ òfin burúkú iṣẹ́ wa: ó gbọ́dọ̀ kú sínú sípíríìtì, ọtí líle tí kì í jẹ́ kí òkú ẹran jẹrà, ká tó sọ irú rẹ̀ lórúkọ. Mo rì í sínú ìgò. Nígbà tí mo tún wò ó, màmá mi ló ká ẹsẹ̀ jọ síbẹ̀, wọ́n ti so bébà tí a máa ń kọ orúkọ sí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi nìkan ló kù nínú irú wa." Mo fa ìdérí ìgò náà títí, kò ṣí. Ọ̀gá mi ń jágbe: "Orúkọ dà?" Mo bi Màámi pé kí lorúkọ wọn. Ó la ẹnu láti dáhùn, sípíríìtì ya wọ ọ̀fun rẹ̀. Ni mo bá lajú.