Ẹnu Tẹjúmádé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá Tẹjúmádé padà nídìí ìrìbọmi, ẹnu rẹ̀ ló sì kó bá a. Obìnrin Igbein ní Abẹ́òkúta yìí mọ aṣọ aró í rẹ, ó sì mọ èèyàn í bú. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Bó bá ti dìde nídìí àdúrà, á ti pinnu pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Kó tó débi ìkòkò aró, Efúnyẹlá, ìyàwó kékeré ọkọ rẹ̀, á ti ṣe nǹkan kan, ó di wàhálà. Tíṣà Tòkunbọ̀, ará Sàró tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi, ti sọ fún wọn pé àpọ́sítélì pàápàá ráhùn pé ohun tóun kórìíra lòun ń ṣe. Tẹjúmádé ní ti àpọ́sítélì sàn, kò ní orogún.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó panu mọ́. Látìgbà tí wọ́n ti kéde pé Ọjọ́ Àjíǹde ni ìrìbọmi, kò bú ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú, á gbé e mì. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun.

Nígbà tí ìrìbọmi ku ọ̀la, Efúnyẹlá sá aṣọ aró rẹ̀ sórí àpáta, ó wọlé lọ fún ọmọ lọ́mú, oorun sì gbé e lọ. Òjò ṣú. Tẹjúmádé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i. Kó ṣáà pè é ni. Ṣùgbọ́n gbogbo èébú tó ti gbé mì sọ sí i lọ́kàn, inú rẹ̀ le, ó dákẹ́. Òjò lu aṣọ títí aró fi ń ṣàn lọ. Ìgbà tó bàjẹ́ tán ló tó sáré jáde lọ bá a kó o.

Nírọ̀lẹ́, Tíṣà pe ará ilé àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi kí wọ́n wá jẹ́rìí ìwà wọn. Ó kan Efúnyẹlá.

“Ìyáálé mi ti yí padà,” ó ní. “Wọn ò bú mi mọ́. Lónìí tójò ba aṣọ mi jẹ́, àwọn ló bá mi kó o.”

Inú Tíṣà dùn. Bí Tẹjúmádé bá dákẹ́ báyìí, ó parí. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ ti sú u.

“Tíṣà, mo rí òjò náà. Ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ tí n ò pè é. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà ni. Ó ti rẹ̀ mí.”

Efúnyẹlá gbé ọmọ rẹ̀ sí apá kejì. “Mo mọ̀. Ọ̀wààrà òjò ló jí mi, aró ti ń ṣàn lọ. Mo rí ẹ̀yìn yín lẹ́nu ọ̀nà.”

Ó ya Tíṣà lẹ́nu. “Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi jẹ́rìí rere sí wọn?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti dá wọn padà, Tíṣà. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á sunkún, wọn ò ní jẹun. Aṣọ, mo lè rẹ òmíràn.”

Tẹjúmádé, tí kò kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé rí, kúnlẹ̀ síwájú Efúnyẹlá, kò sì lè dìde. Tíṣà ń sọ pé kó máa bọ̀ wá ṣèrìbọmi lọ́la, kó máa bọ̀ bó ṣe wà yẹn. Kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ.