Lára Àwọn Tó Wá Rí Alátùn-únṣe

Ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọkọ mi ti ṣe kánsílọ̀, ó ti ṣe alága, aṣòfin ló wá ń ṣe báyìí, ó sì tún ti ń gbára dì fún ìbò mìíràn. Alátùn-únṣe ni wọ́n ń pè é níta. Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ti ń jò láti ìgbà tó ti wà nípò alága, àmọ́ ìyẹn ò kan ará ìta.

Lánàá ni dókítà pè mí. Ó ní èsì àyẹ̀wò kókó tó wà lọ́yàn mi ti dé, kí n mú ọkọ mi dání wá gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un.

"Ìyá àwọn ọmọ, a jọ ń lọ ni," ó ní. "Jẹ́ kí n kàn kí àwọn èèyàn yìí ná."

Àwọn tó wá tọrọ ìrànlọ́wọ́ ti kún pálọ̀ dẹ́nu. Mo mọ ọkọ mi: tí mo bá dúró sí yàrá, ibi ìpàdé ni mo máa gbọ́ pé ó wà. Mo bá gbé báàgì mi, mo lọ jókòó sáàárín àwọn àlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ télọ̀ kan tí kò mọ̀ mí rí.

Ọkọ mi jáde, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹni mú, á rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ á sì ti wà lára ẹni tó kàn. Bó ṣe ń ṣe é bọ̀ nìyẹn tó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo ti gbọ́, màmá. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ló bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ télọ̀. Èmi tí mo bímọ fún un! Kí n tó na ọwọ́ sí i, ó ti kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí mọ́tò rẹ̀ jáde ní géètì.

"Màmá, kí lẹ bá wá?" télọ̀ bi mí.

"Mo fẹ́ kó sìn mí dé ọsibítù ni."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní kí n fọkàn balẹ̀."

Télọ̀ mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń sọ fún èmi náà látìgbà ìbò tó kọjá nìyẹn. Ẹ dìde, màmá. Ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ."

Mo dìde.